ILÉ ÀWỌN ÀGBẸ̀ ÀTI ILÉ ÒMÌNIRA: ÀFIWÉ ILÉ ÀWÒṢÍFÌLÀ MÉJÌ

1. Ìfáárà

Láti ọdún 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ Abẹ́òkúta dó ni Olúmọ ti jẹ́ ibi gíga wọn. Àpáta náà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ààbò gbogbo ìlú ni nígbà ogun, kò sì sí ẹni tí ó san owó rẹ̀. Ilé àwòṣífìlà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní láti san owó rẹ̀, ẹnìkan a sì máa sọ ọ́ lórúkọ. Ète bébà yìí ni láti fi Cocoa House ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, wé Independence House ní Oníkàn, Èkó, kí ó lè hàn bí orísun owó àti ipò oní-ǹkan ṣe darí ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn Ẹ̀gbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé òógùn àwọn àgbẹ̀ wọn wà nínú ọ̀kan nínú wọn.

2. Ìrísí

Ní ojú lásán, bí ọmọ ìyá kan náà ni ilé méjèèjì rí. Ti Èkó, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ní àjà 25, ó sì ga tó mítà 103. Ti Ìbàdàn, tí ó parí ní 1965, ní àjà 26, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Kankéré, irin àti dígí ni wọ́n fi kọ́ wọn. Kò sí òpó fífín bí ti ààfin, kò sí ọnà bí ti ilé àwọn Àgùdà. Ìlà títọ́ àti fèrèsé tí ó jọra láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni ẹwà wọn. Irú àṣà yìí ni Maxwell Fry àti Jane Drew ti lò fún University College, Ìbàdàn, tí wọ́n sì ṣàlàyé nínú ìwé wọn ti 1956 bí ó ṣe lè bá oòrùn àti òjò ilẹ̀ olóoru mu. Ìrísí kò lè ya ilé méjèèjì sọ́tọ̀. Ìtàn owó ni ó lè yà wọ́n.

3. Owó àti Orúkọ

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ó gbilẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé Independence House kalẹ̀ láti fi inú rere hàn sí orílẹ̀-èdè tí ó gba òmìnira ní 1960. Ohun ìrántí òmìnira tọ ọwọ́ ẹni tí ó jọba lé ni lórí wá.

Ti Cocoa House yàtọ̀. Láti 1954, àjọ tí ń ta irè oko fún Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà lórí kòkó. Bí ọjà òkèèrè bá san ju iye náà lọ, èrè di ti àjọ. Àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá wà lábẹ́ ètò yìí bí ti Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó. Owó kòkó, rọ́bà àti igi gẹdú ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, Ilé Àwọn Àgbẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n wọn kò bi àgbẹ̀ léèrè kí wọ́n tó ná owó rẹ̀. Ní 1968, nígbà tí ilé náà kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, Agbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó orí, rògbòdìyàn náà sì dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí ó yá, orúkọ ilé náà di Cocoa House. Orúkọ fi ẹni tí ó gbin kòkó sílẹ̀, ó mú kòkó.

4. Iná àti Oní-ǹkan

Ní oṣù kìíní ọdún 1985, iná jó Cocoa House. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn pín sí Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó ní 1976, ilé náà kò bá a pín. Odu'a Investment Company ni ó ń tọ́jú ogún àjọni náà fún gbogbo wọn. Nítorí náà ó ní oní-ǹkan tí kò lè kúrò nídìí rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù kẹjọ 1992.

Independence House di ibùjókòó iṣẹ́ ológun, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Defence House. Ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá ní 1991. Ní 1993, iná jó ilé náà. Ẹni tí ó ni í ti lọ jìnnà, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni apá púpọ̀ nínú rẹ̀ fi wà ní ahoro.

5. Ìgúnlẹ̀

Àfiwé yìí kò sọ pé àwọn àgbẹ̀ jàǹfààní ilé Dùgbẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Ohun tí ó fi hàn ni pé ilé tí ó ti inú iṣẹ́ àjọṣe wá ní ẹni tí yóò gbé e dìde nígbà tí ó bá ṣubú. Ẹ̀bùn kì í sábà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nípasẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn, àgbẹ̀ Ẹ̀gbá ṣì ní ìpín nínú Cocoa House. Ó yẹ kí òpìtàn fi orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sí àkọsílẹ̀, kí ẹ̀tọ́ náà má baà bá orúkọ náà lọ.