Ogún Íjíbítì Àtijọ́ Lọ́wọ́ Aráyé

Ogún Íjíbítì àtijọ́ ni ìmọ̀ àti ohun ìlò tí àwọn ará etí odò Náílì dá sílẹ̀, láti nǹkan bí 3100 ṣáájú ìbí Jésù, tí aráyé ṣì ń lò. Píráḿídì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n ibojì ọba ni. Ta ló ń fi ṣe nǹkan lónìí? Èyí tó wúlò kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó sì ti dé Goro ní agbègbè Tchaourou, ní Benin.

Lẹ́tà ló ga jù nínú wọn. Ní Serabit el-Khadim, ní Sínáì, níbi tí àwọn ará Íjíbítì ti ń wa òkúta iyebíye, àwọn òṣìṣẹ́ tí èdè wọn bá ti Hébérù tan ṣa díẹ̀ nínú àmì àwòrán Íjíbítì, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ìró kan ṣoṣo. Awalẹ̀pìtàn Flinders Petrie rí àkọlé wọn ní 1905. Alan Gardiner, onímọ̀ èdè Íjíbítì, tú díẹ̀ nínú rẹ̀ ní 1916. Orí màlúù ló di A: ẹ dojú A kodò, ẹ ó rí ìwo méjèèjì. Ìgbì omi ló di M. Àwọn ará Fònísíà gbé e fún Gíríìkì, ó ti ibẹ̀ dé Róòmù. Ẹ̀ka kejì gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Árámù dé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá. A tí ọmọ ilé ìwé ń kọ ní Goro àti álífù tí ọmọ ilé kéú ń fi tàdáwà kọ sára wàláà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Kàlẹ́ńdà náà tẹ̀ lé e. Oṣù 12 ni tiwọn, ọjọ́ 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi ọjọ́ 5 kún un. Julius Caesar gbé iye ọjọ́ ọdún náà lọ sí Róòmù ní 45 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì fi ọjọ́ kan kún un ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Wákàtí 24 tún jẹ́ tiwọn. Ìṣẹ́jú 60 jẹ́ ti Bábílónì. Ọjọ́ ọjà tiwa kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Àwọn ará Íjíbítì náà lé tìróò; òjé inú rẹ̀ léwu fún ọmọdé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun gbogbo ló ti Íjíbítì wá. Ní 1948, òǹkọ̀wé J. Olumide Lucas kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ Íjíbítì ni ẹ̀sìn Yorùbá ti ṣẹ̀. Ìjọra ọ̀rọ̀ tó gbé e kà kò tó ẹ̀rí. Ẹbí Niger-Congo ni èdè Yorùbá wà; Haúsá àti Lárúbáwá ló bá èdè Íjíbítì tan.