Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Jíjẹ́ Ọmọ Nàìjíríà nínú Òfin Ọdún 1999

Ǹjẹ́ gbígbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ ènìyàn di ọmọ Nàìjíríà? Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 25 wo òbí àti òbí àgbà tí ó jẹ́ ti àwùjọ ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Abala 27 sì béèrè pé kí àwùjọ tí àlejò fẹ́ máa bá gbé tẹ́wọ́ gbà á, kí ìgbé ayé wọn sì ti mọ́ ọn lára. Òfin ilẹ̀ Bìrìtìkó ti ọdún 1981 yàtọ̀: ó béèrè ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Welsh tàbí Gaelic ti Scotland.

Ní ti ìṣèjọba, ọ̀rọ̀ yí padà. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1979 ti ṣe, abala 55 fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Haúsá, Ígbò àti Yorùbá ń dúró de ìgbà tí ètò bá tó. Ní abala 318, ẹni tí ó fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìrírí iṣẹ́ díje gbọ́dọ̀ lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ ọ́, kí ó sì sọ ọ́. Àgbà Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó ń fi Yorùbá parí ìjà ilẹ̀ lè dìbò, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà yìí dí mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni kò jẹ́ kí èdè kan jọba lórí èkejì. Òótọ́ ni ní Àbújá. Ṣùgbọ́n kò tó àwáwí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Abala 97 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.