Àtúnṣe Okùn Gìtá Oníná Tó Yẹ̀ Lójú Ọ̀nà

Okùn gìtá oníná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí nut, egungun tàbí ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbi tí orí gìtá ti so mọ́ ọrùn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa fẹ̀ síra títí wọn yóò fi dé bíríìjì lórí àpótí. Lórí Stratocaster, tí ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1954, nǹkan bí mìlímítà 35 ló wà láàrin okùn kìíní àti ìkẹfà lórí nut. Ní bíríìjì, ó wà láàrin 52 sí 56, ó kù sí irú bíríìjì tí wọ́n fi sí i. Okùn ti yẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí okùn kìíní, tó tín-ín-rín jù, bá sún mọ́ etí ọrùn débi pé ìka ń tì í bọ́ sílẹ̀, tàbí tí àlàfo àárín àwọn okùn kò bá dọ́gba, tàbí tí okùn kò bá gba orí irin mágínẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó gbé ohùn rẹ̀ kọjá mọ́. Èrò tí àyọkà yìí dúró lé ni pé ibi tí ọrùn ti wọ inú àpótí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ayùn tó kan nut, nítorí ohun tí ayùn bá ti gé kì í padà sí bó ṣe wà.

Inú jùjú ni gìtá oníná gbà wọ orin Yorùbá. Àyìndé Bákàrè ni àkọsílẹ̀ dárúkọ gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́ jùjú tó kọ́kọ́ so gìtá mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ní nǹkan bí 1949. I.K. Dairo, Ebenezer Obey àti King Sunny Adé gbé e dé ibi gíga, débi pé gìtá tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú àwo Juju Music ti Sunny Adé ní 1982 ju ẹyọ kan lọ dáadáa. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, gìtá kan ń dáhùn èkejì ni, bí okùn kan bá sì bọ́ létí ọrùn, ìdáhùn náà ti já. Ní Ìlọrin, ìlù àti ohùn ló gbé orin dàdàkúàdà, irú ti olórin Ọdọláyé Àrẹ̀mú, ró. Ṣùgbọ́n gìtá ń dún níbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá.

Láti 1950 ni Leo Fender, tó dá ilé iṣẹ́ Fender sílẹ̀, ti sọ ọrùn tí a fi síkúrù dè di ohun tó wọ́pọ̀ lára gìtá oníná. Síkúrù mẹ́rin gba ẹ̀yìn àpótí kọjá, wọ́n wọ ìdí ọrùn, ìdí ọrùn náà sì jókòó sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún un. Bí kòtò bá fẹ̀ ju ìdí ọrùn lọ, bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú, ọrùn á ráyè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì nígbà tí gìtá bá ṣubú tàbí tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀. Bí ilẹ̀kùn tí híńjì rẹ̀ tú díẹ̀ ṣe ń họ ilẹ̀ ní etí kejì, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀ kékeré ní ìdí ọrùn ṣe ń di ńlá lórí gìtá. Ìdí ọrùn gùn tó nǹkan bí mìlímítà 76. Tí ó bá yẹ̀ ní 0.6 mìlímítà péré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, orí gìtá á ti kúrò láyè rẹ̀ ní mìlímítà mẹ́ta ó lé. Okùn ń tẹ̀lé nut, bíríìjì kò sì kúrò lójú kan. Nítorí náà, ní fret kejìlélógún (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn), okùn á ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí mìlímítà kan. Okùn kìíní kì í sábà jìnnà sí etí ọrùn ju mìlímítà mélòó kan lọ, nítorí náà mìlímítà kan tó láti ba eré jẹ́.

Ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Kí a gbé ìdí gìtá sójú, kí a wo okùn láti bíríìjì lọ sí orí. Bí àlàfo etí bá dọ́gba lápá méjèèjì lórí nut, tí kò sì dọ́gba mọ́ ní fret tó kẹ́yìn, ọrùn ló yẹ̀. Àwọn àmì róbótó ojú ọrùn náà ń jẹ́rìí sí i: àárín okùn kẹta àti ìkẹrin ló yẹ kí wọ́n wà, bí àmì fret kẹta bá wà láyè rẹ̀ tí ti fret kọkànlélógún sì ti sá sábẹ́ okùn kan, kò sí ohun tí nut ṣe. Síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ó dẹ̀ díẹ̀, kí ó má ju ìdajì yíyí lọ, lẹ́yìn tí a bá ti dẹ okùn náà. A ó fi ọwọ́ kan di àpótí mú, a ó fi èkejì fa orí gìtá sí apá tí àlàfo ti fẹ̀ jù. Bí okùn kìíní ló ń bọ́ létí, apá okùn kẹfà ni a ó fà á sí. A ó mú síkúrù le nígbà tí ọwọ́ ṣì ń fà á, a ó fa okùn le padà, a ó sì tún wò ó. Bí ọrùn bá tún ń yẹ̀ padà, ó yẹ kí a wo ihò síkúrù tó wà lára àpótí: kí síkúrù máa gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, kí ó má ṣe jẹ igi ibẹ̀, torí bí ó bá jẹ ẹ́, ọrùn kò ní í jókòó pinpin láéláé.

A lè sọ pé ó yá láti pààrọ̀ nut, ká parí ọ̀rọ̀. Lóòótọ́ ni nut máa ń jẹ̀bi nígbà mìíràn, bí àlàfo etí kò bá dọ́gba lórí nut gan-an tàbí tí okùn méjì bá sún mọ́ra ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ nut tuntun sórí ọrùn tó yẹ̀ ti fi àléébù kan bo òmíràn ni. Ọjọ́ tí ọrùn bá padà sáyè, nut náà di aláìwúlò. Tó bá jẹ́ pé nut ló jẹ̀bi lóòótọ́, kò pọn dandan kí a jù ú nù. Ìyẹ̀fun egungun màlúù ni a ó fi dí kòtò tí kò sí láyè, a ó kán súpà gúlúù sí i, nígbà tó bá gan a ó gbẹ́ òmíràn sí ibi tó yẹ.

Ibo gan-an ló yẹ? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Àwọn kan ń wọn àárín okùn sí àárín okùn, àwọn kan ń wọn etí sí etí. Okùn kò nípọn bákan náà: nínú ìdìpọ̀ tí okùn kìíní rẹ̀ jẹ́ 0.010 íńṣì, okùn kìíní jẹ́ nǹkan bí 0.25 mìlímítà, ìkejì 0.33, ìkarùn-ún 0.91, ìkẹfà 1.17. Bí àárín sí àárín bá jẹ́ mìlímítà 7, òfìfo tó wà láàrin okùn kìíní àti ìkejì á jẹ́ 6.7, ti ìkarùn-ún àti ìkẹfà á sì kù sí 6. Ẹni tó ń fi ìka ja okùn tó nípọn lè ní ibẹ̀ há. Síbẹ̀, àárín okùn ni ọ̀pọ̀ bíríìjì Fender tẹ̀lé, torí fífẹ̀ kan náà ni irin tí okùn ń jókòó lé níbẹ̀ ní. Etí sí etí ló jọ pé ó tu ìka lára jù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré, ọwọ́ tó ti mọ́ ọ̀kan sì lè kọ èkejì.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ọyẹ́, tí wọ́n máa ń di ẹ̀bi okùn tó yẹ̀ rù. Lóòótọ́, nígbà tí ọyẹ́ bá dé Ìlọrin, tí atẹ́gùn sì gbẹ, igi ọrùn á sún kì. Àmọ́ ìbú ni igi ti ń sún kì jù. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé orí fret á yọ síta létí ọrùn, á máa gún ọwọ́, ọrùn náà sì lè tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, kí gíga okùn yí padà. Kò sí nínú wọn èyí tó ń ti okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí kòtò àpótí àti ìdí ọrùn fún ara wọn láyè díẹ̀ sí i nígbà náà, kí kíkọlù kékeré sì tó láti yí ọrùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọyẹ́ ṣí ọ̀nà ni, òun kọ́ ló ti ọrùn. Síkúrù náà ṣì ni a ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Gìtá ilé iṣẹ́ Gibson yàtọ̀, torí gúlúù ni wọ́n fi lẹ ọrùn Les Paul wọn láti 1952, kò sì sí síkúrù tí a lè dẹ̀. Níbẹ̀, bíríìjì ni a ó lọ bá. Irin kékeré mẹ́fà tí okùn ń jókòó lé lórí bíríìjì Tune-o-matic máa ń dé láìní kòtò nígbà mìíràn, a sì lè gbé kòtò wọn sún díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì nígbà tí a bá ń gé e, ní nǹkan bí ìdajì mìlímítà.