Kí Ló Tì Wá Lẹ́yìn? Ìtàn Eré Ọkọ̀ Oníná

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ní ti ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, àfojúbà pàápàá ò tó o. Àfi kéèyàn fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbà á. Lọ́jọ́ Sátidé kan, nílùú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, a sin ẹ̀gbọ́n wa kan lọ sí ilé ìtajà ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti wa danfo l'Ékòó kí wọ́n tó sọdá sí Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà náà ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ títí dòní: àwọn èrò tó bá fi fóònù pè wọ́n ni wọ́n ń gbé. Mọ́tò wọn ti gbó, owó epo sì ń jẹ èrè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ wo ọkọ̀ oníná mànàmáná.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń tajà níbẹ̀ ní kí ẹ̀gbọ́n wà á wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó. Òun jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwa méjì wà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì tó fi hàn wọ́n. A ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ṣé ó ti ṣíná?" Yorùbá ni ẹ̀gbọ́n fi bi wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé ó ti ṣíná o. Iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn."

Wọ́n rọra gbé e jáde. Nígbà tí a dé ibi tó wọ òpópónà márosẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà ní kí wọ́n tẹná. Wọ́n tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àga ti tì wá lẹ́yìn, orí wa ti lẹ̀ mọ́ àga, ikùn wa sì ṣe bíi pé ó ṣẹ́kù síbi tí a ti gbéra. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, kò sí jíà tó ń pààrọ̀, eré náà ò sì já láàárín. "Yéè!" ni ẹ̀gbọ́n ké, lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ń wakọ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún wá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun kẹ̀kẹ́.

Ìgbà tí a fi máa padà dé, ẹ̀gbọ́n ti ń wá bíírò tí wọ́n máa fi fọwọ́ síwèé. Ìyẹn ló mú wa ronú. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi wa ọkọ̀ yìí. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n máa fi san owó rẹ̀. Kí gan-an ló tì wá lẹ́yìn? Ṣé nǹkan tuntun ni? Ṣé òun lẹ́gbọ̀n wa fẹ́ máa sanwó fún? Láti dáhùn, ó yẹ ká padà sẹ́yìn, ká dé ilẹ̀ Faransé, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáyé.

Ní ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó máa borí nínú ọkọ̀ tó ń lo epo, èyí tó ń lo ooru omi gbígbóná, àti èyí tó ń lo iná. Ní oṣù Kejìlá 1898, ọmọ Faransé kan, Gaston de Chasseloup-Laubat, fi ọkọ̀ oníná sá eré kìlómítà 63 ní wákàtí kan ní Achères, nítòsí Paris. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, onírùngbọ̀n pupa tó ń jẹ́ Camille Jenatzy, gbà pé òun lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 1899, Jenatzy gun ọkọ̀ kan tó rí gbọọrọ bí ọta ìbọn, ó sì sáré kọjá kìlómítà 105 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ kọjá 100 lójú ọ̀nà láyé. La Jamais Contente ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé "Kò nítẹ̀ẹ́lọ́rùn láéláé." Iná ló ń lò, kò mu epo kankan.

Ìdí tí iná fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ ò le. Ẹni tó bá ti wa danfo rí mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì epo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí dáadáa kó tó lágbára. Bí o bá fẹ́ gbéra lórí òkè, wàá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wàá fi í sí jíà kìíní, wàá tẹná títí ariwo á fi sọ, kó tó fà. Ẹ̀rọ oníná ò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá ti wọ wáyà inú rẹ̀, wáyà náà á di òòfà, òòfà á sì fa irin tó ń yí lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí táyà ò tíì yí rárá, agbára rẹ̀ ti pé. Bí o bá sì gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ kan náà lè di jẹnẹrétọ̀, kó máa dá ọkọ̀ dúró, kó sì máa dá iná padà sínú bátìrì.

Ara wa náà ní ohun tó fi ń wọn eré. Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn òkúta tín-tìn-tín kan wà tó jókòó lórí ohun kan tó rọ̀. Bí ara bá ta síwájú lójijì, àwọn òkúta yìí á fà sẹ́yìn díẹ̀, ọpọlọ á sì mọ̀ pé a ti gbéra. Nínú mọ́tò epo, ariwo ẹ́ńjìnnì máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀, ara á ti múra. Nínú ti oníná, kò sí ìkìlọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àwa tí a wà lẹ́yìn la jẹ ẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n ṣáà mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó tì wá lẹ́yìn ní Houston, àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n láti 1899. Kí ló wá dé tí ọkọ̀ oníná fi pòórá? Bátìrì ni. Bátìrì òjé ayé ọjọ́un wúwo, iná inú rẹ̀ ò sì gbéni jìnnà. Lọ́dún 1900, nínú nǹkan bí ọkọ̀ 4,200 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 1,500 tó jẹ́ oníná. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn tó ń tà wọ́n sọ wọ́n di ọkọ̀ ìyá olówó: kò rùn, kò pariwo, kò sì gba kéèyàn máa fi irin yí ẹ́ńjìnnì kó tó ṣíná. Clara Ford, ìyàwó Henry Ford, ń wa ọkọ̀ oníná tí wọ́n ń pè ní Detroit Electric, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe Model T tó ń mu epo láti 1908. Irú ọkọ̀ tí Clara ń wà yẹn kì í sáré ju bíi 32 kìlómítà ní wákàtí kan lọ.

Lọ́dún 1912, Cadillac gbé ọkọ̀ epo tí iná bátìrì ń ṣí jáde. Iṣẹ́ Charles Kettering ni. Àwọn tí irin ìṣíná ti ṣẹ́ lápá tẹ́lẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ẹ wò ó, iná ló ran epo lọ́wọ́ tí epo fi borí iná.

Ọkọ̀ epo yìí ni àwa mọ̀ nílé. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ èdè wa. Ọkọ̀ kékeré, ayọ́kẹ́lẹ́ la pè é, ohun tó ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí awakọ̀ bá fẹ́ sáré, a ní kó tẹná, bẹ́ẹ̀ epo ló ń tẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wọ ọkọ̀ yẹn ni orúkọ méjèèjì tó bá ohun tí à ń sọ mu pátápátá. Kódà, ó yọ́ jù. Láti oṣù Keje 2019, òfin àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí irú ọkọ̀ oníná tuntun máa dún díẹ̀ bó bá ń rọra rìn, kó má baà gbá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Lọ́dún 1990, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ máa tà díẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kì í tú èéfín. General Motors gbé EV1 jáde ní 1996. Wọn ò tà á. Wọ́n ń fi yáni ni. Ó lé díẹ̀ ní 1,100 tí wọ́n ṣe. Àwọn tó wà á fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà ní òun ò lè rí èrè níbẹ̀, ó sì gba ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ní oṣù Keje 2003, àwọn tó ń wà á ṣe ìsìnkú fún un ní ibojì kan ní Hollywood. Ní 2005, wọ́n dúró tì 78 tó kù nínú ọgbà kan ní Burbank lọ́sàn-án lóru, wọ́n ní àwọn máa san $24,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ náà ò gbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú EV1 ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ rún. Àwọn èèyàn yẹn mọ bí ó ṣe ń tini lẹ́yìn. Kò sọ ọ́ di tiwọn.

Alan Cocconi wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tí EV1 ti jáde. Ní 1997, iléeṣẹ́ kékeré rẹ̀, AC Propulsion, ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní tzero. Láti ìdúró dé máìlì 60 ní wákàtí kan, ó gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Bátìrì òjé ló ṣì ń lò. Ní 2003, wọ́n yọ òjé kúrò, wọ́n fi àwọn bátìrì lithium-ion kéékèèké rọ́pò rẹ̀, irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, eré rẹ̀ tún yá sí i, ó sì ń lọ jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Martin Eberhard wa tzero, ó ní kí wọ́n ṣe é fún títà, wọn ò gbà. Òun àti Marc Tarpenning wá dá Tesla sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Elon Musk náà ti wọ tzero kó tó dara pọ̀ mọ́ wọn.

Roadster tí Tesla gbé jáde ní 2008 ní bátìrì kéékèèké 6,831 nínú. Ìṣẹ́jú àáyá 3.9 ló fi ń dé máìlì 60. Bí ẹni tó wọn kílò 72 bá jókòó sínú rẹ̀, bí àga ṣe máa tì í dà bíi kí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì kan lé e láyà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi eré yìí pe oníbàárà. Ní 2014, wọ́n sọ eré ọkọ̀ wọn kan ní Insane, ìyẹn wèrè. Ní 2015, wọ́n ṣe òmíràn tó ju wèrè lọ. Àwọn èèyàn ń ya fídíò ọ̀rẹ́ àti ẹbí wọn tó ń pariwo nínú rẹ̀.

Gbogbo ìtàn yìí la fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mọ̀ kí wọ́n tó mú bíírò. Jenatzy ní agbára tó ń tini lẹ́yìn. EV1 náà ní in. Agbára yẹn kọ́ ló wọ́n láti bí ọgọ́fà ọdún ó lé. Bátìrì ló wọ́n, òun náà lowó ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi wà á ò sì lè sọ bí bátìrì náà ṣe máa rí lọ́dún kẹfà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bi í ní ìbéèrè díẹ̀," la wí.

A bi ọ̀gbẹ́ni náà pé máìlì mélòó ni bátìrì lè gbé èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ èrò látàárọ̀ dalẹ́, ọdún mélòó ni wọ́n ṣe onídùúró rẹ̀, àti pé èló ni òmíràn. Ó dáhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bi ẹ̀gbọ́n pé níbo ni wọ́n ti máa ṣáàjì ẹ̀ lálẹ́.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Ilé onífúláàtì ni wọ́n ń gbé, ìta gbangba ni gbogbo ayálégbé ń gbé ọkọ̀ sí.

"Mi ò rò ó débẹ̀," ni wọ́n ní. "Eré yẹn ló gbà mí lọ́kàn."

Wọn ò fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń lọ sílé nínú mọ́tò wọn tó ti gbó, wọ́n tẹná, ẹ́ńjìnnì pariwo kó tó fà, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wà á wò bí àyè bá yọ. Ẹ jẹ́ kó tì yín lẹ́yìn, ẹ ké "yéè" bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú bíírò, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ bátìrì, kí ẹ sì rántí ibi tí ẹ máa gbé e sùn.