Láti Ojúure sí Ẹ̀tọ́: Ìtàn Owó Ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kí ìjọba amúnisìn tó dé, òwe yìí nìkan ti tó láti ṣàlàyé ètò ọjọ́ ogbó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n wá pa pọ̀ di Nàìjíríà. Àgbẹ̀ kì í fẹ̀yìn tì. Ó kàn ń dín oko rẹ̀ kù lọ́dọọdún ni, títí yóò fi di ẹni tí ń jókòó sílé tí àwọn ọmọ ń gbé oúnjẹ wá bá. Iṣẹ́ ọba ni ó mú ọ̀nà mìíràn wá. Akọ̀wé tí ó fi Calabar sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, òṣìṣẹ́ ojú irin tí ó lo ọgbọ̀n ọdún láàárín Èkó àti Kánò, wọn kò ní oko tí wọn yóò padà sí. Owó oṣù ni wọ́n ń jẹ, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí owó oṣù yóò dúró.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1951, wọ́n sì ka àǹfààní rẹ̀ padà sẹ́yìn dé ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1946. Àwọn òyìnbó tí ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ́kàn jù nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí jù ni pé òfin náà kò pe owó yìí ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Ọwọ́ gómìnà ni agbára àtifúnni wà, ẹni tí ó lè fúnni sì lè fawọ́ sẹ́yìn. Ojúure ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe ń ta ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó sìn ín dáadáa lọ́rẹ. Èrò yìí kò bá àwọn òyìnbó lọ nígbà tí wọ́n kó ẹrù wọn.

Ní ọdún 1961, ìjọba dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń sanwó, kì í ṣe lóṣooṣù, nítorí náà ẹni tí ó bá pẹ́ láyé lè jẹ ẹ́ tán kí ikú tó dé. Fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin ńlá tí ó rọ́pò ti 1951 ni Òfin 102 ti ọdún 1979, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kẹrin ọdún 1974. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 sọ owó ìfẹ̀yìntì di ẹ̀tọ́. Ti 1999 tún un sọ ní abala 173, ó sì ní kí wọ́n máa yẹ owó náà wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá ṣàtúnṣe owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ ojúure di ẹ̀tọ́, kò sí ẹni tí ó ya owó kankan sọ́tọ̀. Inú ìṣúná ọdọọdún ni wọ́n ti ń san owó ìfẹ̀yìntì. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bá pọ̀, tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sì kéré, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí ní àwọn ọdún 1970. Owó epo ń wọlé. Ìgbìmọ̀ Udoji ti sọ owó oṣù di ìlọ́po. Ìpínlẹ̀ 12 di 19 ní ọdún 1976, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gba akọ̀wé, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì síṣẹ́. Ẹni tí ó bá pé 60 ọdún, tàbí tí ó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, gbọ́dọ̀ kúrò. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìṣirò ti lè rí i pé àwọn èrò wọ̀nyẹn yóò jọ dé ẹnu ọ̀nà ìfẹ̀yìntì láàárín 1990 sí 2010. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni ní ipò àṣẹ ṣe ìṣirò náà.

Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, náírà ti ṣubú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, náírà kan àti dọ́là kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba. Nígbà tí ó fi di 1993, ó ti tó náírà 22 kí èèyàn tó rí dọ́là kan. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìfẹ̀yìntì kò yí padà. Ohun tí ó lè rà ni kò sí mọ́. Àwọn arúgbó ń tò síta fún àyẹ̀wò lábẹ́ oòrùn láti fi hàn pé àwọn ṣì wà láàyè, àwọn kan sì kú sórí ìlà.

Àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rí gbogbo èyí, wọ́n sì kọ́gbọ́n. Ẹni tí ó ti pé 60 lọ búra nílé ẹjọ́ pé ọdún 54 ni òun. Àwọn ìbúra ọjọ́ orí wọ̀nyí máa ń pa àwọn aráàlú lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àga tí ẹni náà kò dìde kúrò lórí rẹ̀ ni ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ìwé ń wá kiri. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti sún ọjọ́ náà síwájú fún àwọn kan: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n di 70 ní 2012, àwọn olùkọ́ di 65 ní 2022.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bu ọwọ́ lu òfin tuntun, tí wọ́n wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè Chile. Gbèsè owó ìfẹ̀yìntì ti tó nǹkan bí tírílíọ̀nù 2 náírà nígbà náà. Láti ìgbà náà lọ, òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni yóò jọ máa dá owó sínú àpò orúkọ òṣìṣẹ́. Òfin 2014 sọ ọ́ di ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́. Lọ́nà yìí, owó wà níbi tí a ti lè kà á, ó sì ti ju tírílíọ̀nù 20 náírà lọ ní 2024. Àṣeyọrí ńlá ni. Ti àwọn tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, John Yusufu, jẹ́wọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe jí bílíọ̀nù náírà owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá. Ilé ẹjọ́ ní kí ó san 750,000 náírà kí ó máa lọ. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà.

Àwọn ọlọ́pàá tó sin Biafra ní tiwọn dúró pẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ogun parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Ọdún 2000 ni ìjọba dárí jì wọ́n, tí wọ́n sì di òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lórí ìwé. Oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó gbà, ní Ẹnúgu. Ìyàwó àti ọmọ ni wọ́n wá gba ti ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Títí di òní, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 èèyàn péré ni ó ní àpò lábẹ́ ètò 2004, ní orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ ju mílíọ̀nù 200 lọ. Ìyálọ́jà, àgbẹ̀, télọ̀ àti awakọ̀ kò sí níbẹ̀. Ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú wọn ní 2019 kò tíì fà wọ́n mọ́ra. Òkété ni wọ́n ṣì gbẹ́kẹ̀ lé, ọmọ tí ọmú rẹ̀ yẹ kí ó ṣàn sì ti lọ sí Kánádà, tàbí ó wà nílé tí kò ríṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, owó ìfẹ̀yìntì bàbá àgbà ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ ọmọ. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, ọmọ náà ni wọn yóò lé kúrò ní kíláàsì.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí yíyá bílíọ̀nù 758 náírà láti fi san gbèsè owó ìfẹ̀yìntì tó kù nílẹ̀. Ní oṣù Keje, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì wọ́de nínú òjò ní Àbújá. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni kí ìjọba yọ àwọn kúrò nínú ètò 2004, bí ó ṣe yọ àwọn sójà ní 2011, nítorí pé ohun tí ó ń kàn wọ́n kò tó wọn jẹun. Inú ìṣúná ọdọọdún ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n ti máa san tiwọn, lábẹ́ irú ètò kan náà tí ó bí gbèsè tírílíọ̀nù 2.