Ohun tó sọ àrọ̀ di ẹja inú báàfù

Ọ́síjìn inú omi kò tó ìdá kan nínú 20 ti inú afẹ́fẹ́, ibẹ̀ náà ni epìyà ti ń mí. Bó bá jáde lódò, fọ́nrán pupa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, ó parí, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ààrò fi gba ọ̀pọ̀ ẹja lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja àtijọ́. Àrọ̀ ní ẹ̀yà mìíràn lókè fọ́nrán yẹn, ó pẹ̀ka bí igi, ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, òun ló fi ń gba afẹ́fẹ́ tó bá gbé mì. Mo gbà pé èyí ló jẹ́ kí wọ́n lè máa tà á láàyè. Ẹlòmíì á ní torí pé ó ń yára dàgbà làwọn ọlọ́sìn ṣe yàn án. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ààyè àrọ̀ ni wọ́n ti fi ń bọrí kí ọ̀sìn ẹja tó dóde.