Koríko tí wọ́n fi ń ka ọdún ọba

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ koríko díẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú pápá gọ́ọ̀fù ní ọ̀tá kan: koríko tó ti kú, tó wá dì sáàárín ewé tútù àti ilẹ̀. Tó bá ti pọ̀ jù, omi ò ní ráyè wọlẹ̀, àrùn á sì mú pápá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ha á kúrò, tí wọ́n ń gún ilẹ̀ níhò, tí wọ́n sì ń da yanrìn sí i.

2/ Àwa ará Ọ̀yọ́ náà ti bá koríko gbígbẹ fà á rí, àmọ́ tiwa kọjá eré. Odindi ọdún ńlá ni wọ́n fi ń ṣe láàfin. Ọdún Bẹẹrẹ lorúkọ ẹ̀.

3/ Bẹẹrẹ ni koríko gígùn inú ọ̀dàn tí wọ́n fi ń bo ilé. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á gbẹ. Tẹ́ ò bá gé e, tẹ́ ò sì sun ún, á wó léra wọn, èyí tó fẹ́ hù lábẹ́ ò ní rí oòrùn. Ìṣòro kan náà pẹ̀lú ti gọ́ọ̀fù, àbí?

4/ Ẹ wá wo ààfin Aláàfin láyé àtijọ́: àgbàlá lórí àgbàlá, kọ̀bì lórí kọ̀bì, koríko sì ni òrùlé. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ilé amọ̀ tí wọ́n fi koríko bò ló bá níbẹ̀. Òrùlé koríko kì í sì í pẹ́. Òjò ń pa á, ikán ń jẹ ẹ́.

5/ Ta ló wá ń gé tuntun? Àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ru bẹẹrẹ wá sí ààfin pẹ̀lú ìṣákọ́lẹ̀. Kì í ṣe koríko lásán mọ́ nìyẹn o! Ìlú tó gbé tiẹ̀ wá ti fi hàn pé abẹ́ Kábíyèsí lòun ṣì wà. Èyí tí ò bá yọjú, wọ́n á ti máa fura pé ọ̀tẹ̀ ló ń dì.

6/ Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: iye Bẹẹrẹ tí Aláàfin bá ṣe ni wọ́n fi ń ka iye ọdún tó lò lórí oyè. Koríko ni kàlẹ́ńdà! Ẹ wo Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, 1970 sí 2022. Tá a bá fi Bẹẹrẹ ka tiwọn, ì bá lé ní 50.

7/ Ètò tún wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gé bẹẹrẹ ná, kí wọ́n tó tiná bọ ìgbẹ́ fún ọdẹ. Ẹni tó bá kánjú sun ún, òrùlé ọba ló ń sun yẹn.

8/ Ni páànù bá dé. Lónìí, páànù ló wà lórí ààfin, òun náà ló bo Ògbómọ̀ṣọ́ lọ rẹrẹẹrẹ. N ò ní purọ́, páànù dáa: kì í gbiná bíi koríko, kì í sì í ṣe ọdọọdún lèèyàn ń pààrọ̀ ẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí koríko ò ti wúlò fún òrùlé mọ́, ọjọ́ náà ni ò ti ní olówó.

9/ Ẹ gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò ọyẹ́, ẹ ó rí èéfín lọ́tùn-ún lósì. Ìgbà tó bá wu oníkálukú ló ń ṣáná sí i. Koríko náà ṣì ń gbẹ lọ́dọọdún bó ṣe ń gbẹ tẹ́lẹ̀. A kàn ò fi ka ọdún ọba mọ́ ni.